Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Ríra Mọ́nítọ̀ Olówó Pọ́ọ́kú fún Sítúdíò Ilé

Mọ́nítọ̀ ni sípíkà tí olórin fi ń gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe rí gan-an, láìbu adùn lé e. Ṣùgbọ́n èyí tó bá dùn létí jù ní ṣọ́ọ̀bù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rà. Sípíkà ilé, pàápàá èyí tí wọ́n fi ń wo fíìmù, ti bu báàsì lé orin kó tó dé etí yín. Ẹ ó gbọ́ báàsì yanturu, ẹ ó dín in kù nínú míìsì (níbi tí ẹ ti ń da ohùn orin pọ̀), orin náà á wá dé inú ọkọ̀, ìlù rẹ̀ á ti gbẹ. Mọ́nítọ̀ gidi kì í tan ènìyàn. Ẹ má tìtorí pé kò dùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ dá a padà.

Ẹ má gbé mọ́nítọ̀ ínǹsì 8 sínú yàrá ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 10. Ògiri méjì tó fi nǹkan bíi mítà 3 jìnnà síra máa ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ tó wà ní nǹkan bíi 57 Hz (ìgbà 57 ló ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ga, nótì báàsì kan á máa bú ramúramù, èyí tó tẹ̀ lé e kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ínǹsì 5 tó, bíi Yamaha HS5 tàbí JBL 305P MkII. Ẹ̀yìn ni ihò tí báàsì ń gbà jáde wà lára àwọn méjèèjì, nítorí náà ẹ má fi wọ́n ti ògiri; ẹ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 sílẹ̀. Bí àyè kò bá gbà, bọ́tìnnì ROOM CONTROL wà lẹ́yìn HS5: ẹ tì í sí −2 tàbí −4, yóò dín ohùn tó wà nísàlẹ̀ 500 Hz kù. Ọ̀pọ̀ ló ní in tí kò fọwọ́ kàn án rí.

Páálí tí wọ́n kọ “1000W PMPO” (iye agbára tí wọ́n bù lé fún ìpolówó) sí, ẹ kọjá lára rẹ̀. Wáàtì 70 péré ni HS5, yàrá kò sì gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tó ń jẹ owó jù ni tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí i padà, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ibi tí wáyà iná ń wọ̀. Bó bá jẹ́ 100–240V, kò séwu. Bó bá jẹ́ 120V nìkan, tí ẹ wá so ó mọ́ iná 240V tiwa, ó lè jó lójú ẹsẹ̀. Stabilizer kò lè gbà yín, nítorí 240V náà ló ń gbé jáde. Step-down transformer, èyí tó ń rẹ 240V sílẹ̀ sí 120V, ni ẹ nílò, ẹ fi owó rẹ̀ kún iye tí wọ́n pè é. Lẹ́yìn náà ẹ wo tweeter (sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn tínrín jáde), bóyá orí rẹ̀ ti jìn sínú. Ẹ fi orin kan náà dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò: èyí tí ohùn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ inú rẹ̀ kò bá dún ketekete, tweeter rẹ̀ ti lọ.

Ẹ má fi ihò hẹ́dífóònù ṣe ẹnu ọ̀nà mọ́nítọ̀. Wáyà TRS ni kí ẹ rà láti fi gbé ohùn wọ mọ́nítọ̀. Òrùka dúdú 2 ló máa wà lẹ́nu rẹ̀. Olórùka kan, TS ni, bó bá sì gùn, a máa fa ariwo “hùùù” wọlé.

Ẹ tan mọ́nítọ̀ gbẹ̀yìn, òun sì ni kí ẹ kọ́kọ́ pa. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ pa á kí iná tó dé.