Ohun tó ń jẹ bátìrì gìtá béèsì mi

Àárín orin ìyìn la wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Òkè-Fìà nígbà tí ohùn gìtá béèsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í há bí ìgbà tí sípíkà bá fàya. Kí orin tó parí, ó ti dákẹ́ pátápátá. Gìtá tó ní preamp nínú (ẹ̀rọ kékeré tó ń fi iná bátìrì gbé ohùn gìtá sókè), tí kò sì ní bọ́tìnì tí wọ́n fi ń fo preamp náà kọjá, kò lè fọhùn bí bátìrì rẹ̀ bá kú. Irú tèmi nìyẹn.

Bátìrì 9V kan ṣoṣo ló ń lò. Ìkẹrin tí mo rà láàárín oṣù méjì ló kú yẹn, ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Ọjà Ọba ni mo sì ti ń rà wọ́n. Mo ti lọ bá wọn pé, "Ìyá, ayédèrú lẹ ń tà fún mi." Wọ́n dáhùn pé, "Ọmọ mi, inú páálí yìí náà ni mo ti ń mú fún àwọn tó ń fi sí máìkì, ẹnì kankan ò dá a padà." Mi ò gbà wọ́n gbọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ ìsinmi yẹn, mo tú ìdérí ẹ̀yìn gìtá. Kapásítọ̀, ẹ̀yà kékeré tó ń gba iná pamọ́, ni mo kọ́kọ́ fura sí, mo sì fi alẹ́ méjì ṣòfò lórí rẹ̀. Ó yẹ kí n ti kọ́kọ́ gbé mítà tí wọ́n fi ń wọn iná.

Bí mo ṣe wọn iná tó ń jáde nínú bátìrì rèé. Mo yọ kébù kúrò lára gìtá. Mo fi ẹnu bátìrì kan ṣoṣo kọ́ ìdè rẹ̀ tó so ó mọ́ wáyà gìtá, mo yí ìdè náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹnu kejì wà lófìfo, mo wá fi mítà dí àlàfo náà, lórí mA, ìyẹn ibi tó ti ń wọn bí iná ṣe ń ṣàn tó. Ẹ ṣọ́ra níbí o: bí mítà bá wà lórí mA, ẹ má fi wáyà rẹ̀ méjèèjì kan ẹnu bátìrì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, fíúsì inú rẹ̀ á jó. Òfo ló yẹ kí n rí. 1.2 mA ni mo rí, láìsí kébù lára gìtá! Bátìrì alkaline 9V tó dára máa ń gba nǹkan bí 500 mAh, ìyẹn ni pé ó lè gbé 1 mA fún nǹkan bí wákàtí 500. Bí 1.2 mA bá ń jẹ ẹ́ tọ̀sán tòru, kò ní ju ọjọ́ mẹ́tàdínlógún lọ. Iye ọjọ́ tí bátìrì mi fi ń kú gan-an nìyẹn.

Jáàkì tí a ń ki kébù bọ̀ ni ẹlẹ́ṣẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní: ọ̀kan fún ohùn, ọ̀kan fún ilẹ̀ (earth), ti àárín sì ni wáyà dúdú bátìrì gbọ́dọ̀ wà. Bí a bá ki kébù bọ̀ ọ́, ara kébù á so ti àárín pọ̀ mọ́ ilẹ̀, preamp á jí. Bí a bá yọ ọ́, wọ́n á pínyà, preamp á sùn. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí kébù sùn sára gìtá. Ṣùgbọ́n ẹni tó pààrọ̀ jáàkì yẹn fún mi lọ́jọ́sí ti lẹ wáyà dúdú mọ́ ẹsẹ̀ ilẹ̀. Ẹsẹ̀ àárín ń dán bí tuntun, lẹ́ẹ̀dì, òjé tí wọ́n ń yọ́ láti fi lẹ wáyà, ò kàn án rí. Gìtá ń dún dáadáa, kò sì sẹ́ni tó lè fura.

Mo yọ́ lẹ́ẹ̀dì náà, mo tú wáyà dúdú kúrò. Àfi bí wọ́n ṣe mú iná lọ bí áyọ́ọ̀nù tí mo fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì ṣe ń gbóná lẹ́ẹ̀kejì. Aago mọ́kànlá alẹ́ ni iná tó dé. Mo fi ọ̀bẹ fá ẹsẹ̀ àárín kí lẹ́ẹ̀dì lè mú un, mo lẹ wáyà mọ́ ọn, mo sì tún wọ̀n ọ́n. Láìsí kébù, 0.00. Pẹ̀lú kébù, 1.2. Inú mi dùn débi pé mo jí àbúrò mi pé kó wá wò ó.

Mo kọ ọjọ́ sára bátìrì tuntun náà. Ó ti lo oṣù mẹ́rin báyìí, 8.8V ló ṣì wà.

Mo padà sí Ọjà Ọba, mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá yẹn, mo ní, "Ẹ má bínú sí mi, mà. Jáàkì gìtá mi ló ń jẹ bátìrì yín." Wọ́n ní kí n dìde nílẹ̀, wọ́n sì bi mí bóyá ó ti ń dún dáadáa. Mo ra ọ̀kan sí i lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ náà. Mi ò tíì ṣí i.