Bí a ṣe ń múra ilé àti ọkọ̀ sílẹ̀ de òjò dídì lórí àwọn òkè Ireland

Ireland kì í ṣe ilẹ̀ òjò dídì bíi Kánádà. Òkun Atlántíìkì tó wà ní ìwọ̀ oòrùn rẹ̀ ló ń gbà á lọ́wọ́ òtútù líle, ọ̀pọ̀ ọjọ́ láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kejì sì jẹ́ òjò wẹliwẹli, ọ̀rinrin àti atẹ́gùn. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí pé òjò dídì kì í wá déédéé, wọn kò kọ́ ilé dè é, táyà tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ kì í ṣe tirẹ̀, ọkọ̀ ìjọba tó ń fọ́n iyọ̀ sójú títì kì í sì í sábà yà sí ọ̀nà abúlé. Tó bá wá dé, kì í ṣeré: lọ́jọ́ Kérésìmesì 2010, òtútù Straide ní Mayo lọ sí dígírì 17.5 sísàlẹ̀ òdo.

Ohun tó ń bani nǹkan jẹ́ jù nínú rẹ̀ ni omi: omi tó dì nínú páìpù, omi tó dì lójú títì, omi tó fara pamọ́ sísàlẹ̀ táǹkì epo. Omi yìí la ó máa tẹ̀ lé láti orí àjà títí dé orí òkè.

Bí ẹ ṣe lè mọ̀ pé ó ń bọ̀

Òjò dídì tó ń pọ̀ ní ìlà oòrùn Ireland máa ń bá atẹ́gùn ìlà oòrùn rìn. Atẹ́gùn gbígbẹ tó tutù nini yìí ń ti àárín Yúróòpù bọ̀, ó gba orí Òkun Irish kọjá, ó fa ọ̀rinrin lára omi, ó sì da gbogbo ẹrù náà sórí òkè Wicklow. Bó ṣe rí nìyẹn ní ìparí oṣù Kejì 2018, kí ìjì Emma tó ti gúúsù wá pàdé òtútù náà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, tí Met Éireann, iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ wọn, fi kéde ìkìlọ̀ pupa fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Tí atẹ́gùn bá ti àríwá tàbí àríwá ìwọ̀ oòrùn wá, Donegal àti Mayo ló sábà máa ń gbà á, Wicklow lè má rí ju fífọ́n díẹ̀ lọ.

Ìkìlọ̀ Met Éireann pín sí mẹ́ta. Àwọ̀ ìyeyè: ẹ ṣọ́ra. Àwọ̀ ọsàn: ẹ tún ètò ìrìn àjò yín ṣe. Pupa: ẹ jókòó sílé. Ṣùgbọ́n agbègbè gbogbo ni ìkìlọ̀ ń sọ̀rọ̀ bá, kò mọ bí ilé yín ṣe ga tó. Ẹ ṣe ìṣirò yìí fúnra yín: bí ilẹ̀ bá ṣe ń ga sí i ní 100 mítà, ooru ń dín kù ní nǹkan bí ìdajì dígírì sí dígírì kan. Tí fóònù bá ní dígírì 4 ni létí òkun, ilé tó wà ní 400 mítà lè máa bá òdo sí dígírì 2 yí. Níbẹ̀, òjò tó ń rọ̀ ní Bray, ìlú etí òkun ní Wicklow, lè di funfun kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Tí òjò náà bá tún le, tó sì rọ̀ pẹ́, òjò dídì á sọ̀ kalẹ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ, torí pé bó ṣe ń yọ́ lófuurufú, ara afẹ́fẹ́ ló ti ń fa ooru tó fi ń yọ́.

Òru tí ojú ọ̀run mọ́ kedere lẹ́yìn ọjọ́ òjò tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ fún awakọ̀, bí òjò dídì kankan kò tiẹ̀ sí, torí omi tó kù lójú títì á dì.

Omi inú ilé

Oṣù Kẹwàá tàbí Kọkànlá ni iṣẹ́ yìí. Omi tó bá dì máa ń fẹ̀ ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún, páìpù bàbà kì í sì í fẹ̀ bá a.

1. Ẹ wá fáàfù àgbà, èyí tó ń dá gbogbo omi ilé dúró. Abẹ́ síǹkì ilé ìdáná ló sábà máa ń wà. Òmíràn wà níta, lábẹ́ ìdérí kékeré létí ọ̀nà. Ẹ tì í, ẹ ṣí ẹ̀rọ omi kan wò bóyá omi dá lóòótọ́. Fáàfù tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn láti ọdún pípẹ́ máa ń gan, òru tí páìpù bẹ́ kọ́ ló yẹ kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Tí ẹ bá ṣí i tán pátápátá, ẹ yí i padà ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo kó má baà gan mọ́ ibẹ̀.

2. Ẹ gun orí àjà. Ọ̀pọ̀ ilé ní Ireland ló ní táǹkì omi tútù lókè níbẹ̀. Ẹ wé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti ìdérí rẹ̀ nípọn, ṣùgbọ́n ẹ má tẹ́ nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀. Ooru díẹ̀ tó ń gba sílìǹgì yọ láti inú ilé ni kì í jẹ́ kí omi inú táǹkì dì. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀: wọ́n tẹ́ ohun amóoru sórí gbogbo sílìǹgì, wọ́n gba abẹ́ táǹkì kọjá, ilé móoru, owó epo dín kù, táǹkì sì dì ní òtútù líle àkọ́kọ́.

3. Ẹ fi fóòmù onípáìpù wé gbogbo páìpù tó wà lókè àjà, nínú gáréèjì àti lábẹ́ pákó ilẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ páìpù ni kí ẹ wò dáadáa. Àlàfo tí kò ju ìka kan lọ níbi tí páìpù ti ṣẹ́po ti tó fún òtútù láti wọlé. Ẹ gé fóòmù náà kí etí rẹ̀ dagẹ̀rẹ̀, kí etí méjèèjì lè pàdé, kí ẹ sì fi téèpù dì í.

4. Ẹ̀rọ omi tó wà níta: ẹ tì í láti inú, ẹ wá ṣí ẹnu rẹ̀ níta kí omi tó kù ṣàn jáde, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí títí òtútù yóò fi lọ. Ẹ yọ họ́ọ̀sì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

5. Ní òru tó le jù, ẹ ṣí ìlẹ̀kùn àjà sílẹ̀ kí ooru ilé lè gòkè. Tí ẹ bá ń rìnrìn àjò, ẹ má pa ìmóoru ilé pátápátá. Ẹ jẹ́ kó máa tàn díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí yóò bá pẹ́ kó tó dé, kó ti fáàfù àgbà, kó sì fa omi inú páìpù gbẹ.

Àwọn kan máa ń fi ẹ̀rọ omi sílẹ̀ kó máa sun lóru kí ó má baà dì. Uisce Éireann, iléeṣẹ́ omi, máa ń bẹ aráàlú pé kí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀, torí pé tí gbogbo ilé bá ṣe bẹ́ẹ̀, omi inú ìkùdù ìlú á gbẹ ní ọjọ́ díẹ̀. Ilé tó sì ń lo kànga tirẹ̀, iná mànàmáná ló ń fa omi rẹ̀: tí iná bá lọ, omi náà ti lọ nìyẹn. Ẹ pọn omi sínú kẹ́ẹ̀gì kí ìjì tó dé.

Tí páìpù bá ti dì, ẹ kọ́kọ́ ti fáàfù àgbà, ẹ ṣí ẹ̀rọ omi tó sún mọ́ ibẹ̀ jù, kí ẹ wá fi rọ́bà omi gbígbóná tàbí dráyà irun yọ́ ọ láti ọ̀dọ̀ ẹnu ẹ̀rọ lọ sẹ́yìn. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti àárín, omi tó yọ́ kò ní rí ọ̀nà jáde. Iná tó ń jó kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn.

Èyí tó tẹ̀ lé e yìí ń pa èèyàn. Ọ̀pọ̀ ilé abúlé ló ní sítóòfù igi tàbí èédú tí bọ́ílà, ìkòkò irin tó ń mú omi gbóná, wà lẹ́yìn rẹ̀. Tí páìpù ilé bá dì, ẹ má dá iná sí sítóòfù bẹ́ẹ̀ rárá. Omi inú bọ́ílà á gbóná, kò ní rí ibi gbà, agbára rẹ̀ á ga títí yóò fi bú. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń gbé inú ilé náà mọ èyí, pàápàá ayálégbé tí kò tíì lo irú sítóòfù bẹ́ẹ̀ rí.

Bọ́ílà onígáàsì ìgbàlódé ní ìṣòro tirẹ̀, ó sì rọrùn. Páìpù ike tín-ín-rín kan ń gbé omi ìdọ̀tí rẹ̀ jáde sára ògiri. Tí ìyẹn bá dì, bọ́ílà á pa ara rẹ̀. Ẹ da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, kì í ṣe èyí tó ń hó, kí ẹ wá tún bọ́ílà tàn.

Epo àti iná

Kẹrosíìnì kì í dì nínú òtútù Ireland. Omi tó rì sísàlẹ̀ táǹkì epo níta ló ń dì, nínú ife kékeré ibi tí asẹ́ epo wà, epo kò sì ní kọjá mọ́. Ẹ fa omi náà kúrò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Ẹ ra epo kí oṣù Kejìlá tó wọlé. Ọkọ̀ epo ò ní gun òkè yín nígbà tí ilẹ̀ bá ti funfun.

Tí iná bá lọ, nọ́ńbà ESB Networks, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó wáyà iná, ni 1800 372 999. Ẹ kọ Eircode ilé yín, àmì oníléta àti nọ́ńbà méje náà, sára ilẹ̀kùn fíríìjì, torí ìyẹn ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ pàjáwìrì rí ilé tó dá wà lórí òkè. Okùn iná tó já, ẹ jìnnà sí i, ẹ má sì rò pé ó ti kú. Ní ti jẹnẹrétọ̀, ọmọ Yorùbá kankan kò nílò kí a kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tan án, àmọ́ ilẹ̀kùn àti fèrèsé ilé Ireland máa ń dé pinpin: ìta gbangba ni kó wà, kó jìnnà sí fèrèsé. Ẹ fi áláàmù carbon monoxide, gáàsì olóró tí kò ní òórùn tó ń ti ara iná wá, sí yàrá tí sítóòfù wà.

Ẹnu ọ̀nà

Ẹ kó òjò dídì kúrò láàárọ̀, kí ẹsẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ di pẹrẹsẹ. Ẹ fi ṣọ́bìrì la ọ̀nà tóóró sí àárín kọ́kọ́, kí ẹ wá máa tì í sí ẹ̀gbẹ́. Ṣíbí ọbẹ̀ iyọ̀ kan tó fún mítà kan níbùú lóròó. Iyọ̀ ìdáná náà ń ṣiṣẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fọ́n ọn, kí òtútù òru tó dé. Iyanrìn ń jẹ́ kí bàtà di ilẹ̀ mú, ṣùgbọ́n kì í yọ́ omi dídì. Ẹ má da omi gbígbóná sílẹ̀, yóò dì padà lórí bí gíláàsì.

Ọkọ̀

Òfin Ireland kò pàṣẹ táyà ìgbà òtútù. Mílímítà 1.6 ni jíjìn ojú táyà tí òfin fẹ́, àmọ́ tí kò bá tó 3, òkè á ṣòro gùn. Ẹ yẹ oògùn tí kì í jẹ́ kí omi rẹ́díétọ̀ dì wò, ẹ yẹ bátìrì wò. Kí òjò dídì tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tí ọ̀nà tó tẹ́jú ti bẹ̀rẹ̀, kó kọjú síta, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Ìyẹn nìkan á gbà yín lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wàhálà.

Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ wakọ̀: ẹ fi jíà kejì gbéra, ẹ tẹ iná ọkọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ẹ fi àyè tó tó ìlọ́po mẹ́wàá ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ láàárín yín àti ọkọ̀ iwájú. Ẹ má dúró láàárín ìgòkè. Ẹ fi jíà kékeré sọ̀, kì í ṣe bíréèkì. Tí ọkọ̀ bá yọ̀, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, ẹ máa wo ibi tí ẹ fẹ́ lọ, kí ẹ sì yí ọwọ́ síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Omi dídì tó mọ́ gaara lórí ọ̀dà ni ẹni kì í rí. Títì á dúdú, á máa dán bí ẹni pé òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ẹ tẹ́tí sí táyà: tí ariwo rẹ̀ bá dákẹ́ lójijì, orí rẹ̀ lẹ wà. Orí afárá, abẹ́ igi, àti ibi tí omi pápá ti ń gba ojú títì kọjá ló ń wà. Lórí òkè, ẹ ṣọ́ra fún àwọn àgùntàn tó ń jáde wá lá iyọ̀ lójú títì. Wọn kì í yà fún ẹnikẹ́ni.

Ṣọ́bìrì, kúbùsù, tọ́ọ̀ṣì, fíláàsì tíì àti oúnjẹ gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀. Tí ẹ bá há, ẹ má jáde lọ wá ilé nínú ìjì. Ẹ kó òjò dídì kúrò lẹ́nu sálẹ́ńsà, ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀, kí ẹ máa tan ọkọ̀ fún bí ìṣẹ́jú 10 nínú wákàtí kan.

Sally Gap lórí òkè Wicklow, níbi tí ọ̀nà R115 àti R759 ti pàdé, ni ọ̀pọ̀ ti ń há. Wọ́n ń gòkè lọ ya fọ́tò, ọkọ̀ kan yọ̀, ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn kò lè yí, ọkọ̀ tó ń fọ́n iyọ̀ náà kò sì ní rí ọ̀nà kọjá mọ́.

Tí ẹ bá fẹ́ fẹsẹ̀ gòkè

Ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, oòrùn Dublin ń yọ ní bí agogo mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú 40, ó sì ń wọ̀ ní kété lẹ́yìn agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ yan àkókò kan tí ẹ ó yí padà sílé, kí ẹ sì yí padà nígbà náà bí orí òkè bá tiẹ̀ wà níwájú yín.

Lugnaquilla, òkè tó ga jù ní Wicklow, 925 mítà, jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára. Orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ìkùukùu bá sì bo ilẹ̀ funfun, ojú kò ní rí ibi tí ilẹ̀ parí sí. North Prison àti South Prison, àwọn ọ̀gbun olókùúta, wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, atẹ́gùn sì máa ń kó òjò dídì jọ kọjá etí wọn tí yóò dà bí ilẹ̀ gidi. Ẹni tí kò bá lè fi kọ́ńpáàsì rìn kò ní ohun tó ń wá níbẹ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Nísàlẹ̀ náà, òjò dídì ń bo ẹrọ̀fọ̀ mọ́lẹ̀ bíi kúbùsù, ẹrọ̀fọ̀ ò ní dì, ẹsẹ̀ á sì rì dé orúnkún; ìbọ̀sẹ̀ tútù pẹ̀lú atẹ́gùn kì í jẹ́ kéèyàn rìn jìnnà. Ẹ fi fóònù sí àpò inú, lára, torí òtútù ń pa bátìrì. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe 112 tàbí 999, kí ẹ béèrè fún Mountain Rescue.

Nígbà tó bá ń yọ́

Páìpù tó bẹ́ kì í jò nígbà tó ṣì dì. Ọjọ́ tí ilẹ̀ bá móoru ni ẹ gbọ́dọ̀ gun orí àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ fọwọ́ pa gbogbo ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó ṣí fáàfù àgbà díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ẹnì kan tó dúró sókè tó ń wò ó. Ẹ má gbé ọkọ̀ tàbí ọmọ sí abẹ́ etí òrùlé lọ́jọ́ náà. Lálẹ́, gbogbo ohun tó yọ́ á tún dì, nítorí náà ẹ tún iyọ̀ fọ́n sí ẹnu ọ̀nà kí ẹ tó sùn.