Owó tí mo san kí n tó rántí bi Màámi

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi owó bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ṣì ń ta mí lára. 110,000 náírà. Mo san 30,000 fún fọ́ọ̀mù, mo tún san 80,000 fún ohun tí éjẹ́ǹtì pè ní kọmíṣọ̀n, ìyẹn owó oṣù kan gbáko lórí ọmọbìnrin tó máa bá wa mú wá láti máa tọ́jú Màámi. Ọjọ́ mọ́kànlá lọmọ náà lò. Ẹ bá mi pín in wò: 10,000 náírà lójúmọ́, a ò tíì ka owó ọkọ̀ tèmi.

Màámi ti pé ẹni ọdún 81. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn nìkan ló ń gbé ilé wa ní Òkè-Àdó n'Íbàdàn, torí wọ́n ní ariwo Èkó á pa àwọn. Wọ́n ń dá wẹ̀, wọ́n ń dá se ọbẹ̀ wọn, wọn kì í sì í gbàgbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Orúnkún ló ti ń yẹ̀, ọwọ́ náà ti ń gbọ̀n díẹ̀. Ní oṣù Kẹta wọ́n ṣubú nínú balùwẹ̀. Egungun ò ṣẹ́, ọpẹ́ ni, ṣùgbọ́n wọn ò sọ fún ẹnì kankan. Ọjọ́ kẹrin ni mo gbọ́, ẹnu Ìyá Ẹlẹ́kọ iwájú ilé ni mo sì ti gbọ́.

A gbé wọn lọ sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá n'Íbàdàn; ti ibẹ̀ ò gùn. Wọ́n ní ẹ̀ka tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn àgbàlagbà níbẹ̀ láti 2012. Dókítà yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn wò ní ìjókòó, ó tún yẹ̀ ẹ́ wò ní ìdúró, ó ní kí wọ́n má máa fò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Àwa ọmọ wá pinnu pé ó di dandan kí ẹnì kan máa bá wọn gbé. Àwa la pinnu o.

Ọmọ tí éjẹ́ǹtì mú wá ò ṣe nǹkan kan tó burú. Màámi ni ò jẹ́ kó fọwọ́ kan ìkòkò. Ilẹ̀ tó bá gbá, wọ́n á tún un gbá. Ó ń jókòó sí pálọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ó ń tẹ fóònù. Nígbà tó di ọjọ́ kọkànlá ó di ẹrù rẹ̀, ó ní òun ò lè máa gbowó ìjókòó. Ká sòótọ́, n ò bínú sí i. 70,000 náírà lowó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fi lélẹ̀ ní 2024; ẹ wá fi 10,000 lé e, kẹ́ ẹ ní kí ènìyàn máa sun ibi iṣẹ́.

Éjẹ́ǹtì yẹn ni mo bínú sí. Ó wà nínú ìwé àdéhùn pé bí ọmọ bá lọ kí oṣù mẹ́ta tó pé, yóò fi ẹlòmíràn rọ́pò lọ́fẹ̀ẹ́. Mo pè é. "Ẹ má ṣèyọnu, ma, ó ti wà lọ́nà." Ọ̀nà wo? Ó ní Ìlọrin ló ti ń bọ̀. Lọ́sẹ̀ kejì ó ní ẹnì kan kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Lọ́sẹ̀ kẹta ó dá ọjọ́ Sátidé. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ẹ̀bùté-Mẹ́ta dé Mọ́níyà, mo wọ mááìkírà dé ilé. Màámi tó ń sọ pé àwọn ò fẹ́ ẹnì kankan ti ro àmàlà de àlejò. Àmàlà náà tutù, ó le, a gbé e fún ajá aládùúgbò ní aago mẹ́jọ alẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé mo lọ bá a ní ọ́fíìsì. Bó ṣe rí mi ló fa ìwé kan yọ: n ò tíì kọ ìdí tí ẹni àkọ́kọ́ fi lọ, ìyẹn ló ń dá nǹkan dúró. Ó kàn wá rántí sọ ọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Mo kọ tèmi lójú ẹsẹ̀. Ó ku ibi tí "aláìsàn" máa fọwọ́ sí.

Màámi wọ awò ojú wọn, wọ́n ka ìwé náà látòkè délẹ̀. "Ta ni aláìsàn?" Mo ní, "Màámi, fọ́ọ̀mù lásán ni." Wọ́n dìde lọ mú bírò pupa, wọ́n fa ìlà sí "aláìsàn," wọ́n kọ "àgbàlagbà" sókè rẹ̀. Wọ́n tún bá wọn tún àmì ohùn mẹ́ta ṣe kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Mo gbé e padà. Éjẹ́ǹtì wò ó, ó mi orí, ó ní a ti ba fọ́ọ̀mù jẹ́, pé tuntun jẹ́ 5,000. Mo jáde kí n tó ṣe ohun tí wọ́n á fi mú mi.

Àbúrò mi tó wà ní Manchester ni mo fi ìbínú náà lé lórí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó gan-an ló ń ṣe níbẹ̀. Ó ń wẹ ìyá oníyàá, ìyá tirẹ̀ wà n'Íbàdàn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni Màámi ní àwọn ò lè ṣe?" Ó ní ohun tí àwọn máa ń kọ́kọ́ béèrè nìyẹn kí wọ́n tó rán ẹnikẹ́ni lọ sílé ẹnikẹ́ni. N ò rí èsì fọ̀. Inú tún bí mi sí i: kí ló dé tí kò ti sọ ọ́ láti oṣù Kẹta?

Mo bi Màámi láàárọ̀. Wọn ò tilẹ̀ ronú. "Mi ò lè fa omi ní kànga mọ́. Mi ò lè gbé sílíńdà gáàsì. Òwú kì í wọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Èékánná ẹsẹ̀ mi, mi ò lè tẹ̀ débẹ̀, òun ló kọ́ mátì balùwẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ṣubú." Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ti àtàǹpàkò ọ̀tún ti nípọn, ó ti tẹ̀ kọrọdọ bí ìwo àgbò. Dókítà ti rí wọn, èmi ti rí wọn, ọmọ 10,000 lójúmọ́ ti bá wọn gbé. Kò sẹ́ni tó wo ẹsẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́kọ ló ń ṣe é báyìí. Ó ń wọlé láago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ kó tó lọ pàtẹ, ó ń padà wá láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ó ń fa omi, ó ń lọ rọ gáàsì, kì í sún mọ́ ìkòkò ọbẹ̀. 40,000 lóṣù, kọ́kọ́rọ́ kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wẹ́dà jó páìpù irin tí Màámi á máa dì mú, ó dè é mọ́ ògiri balùwẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, iṣẹ́ tó mọ́ tónítóní, èmi ni mo wọn ibi tó máa wà. Bẹ́ ẹ bá ṣì máa lo éjẹ́ǹtì, ẹ má san kọmíṣọ̀n kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, fóònù mi dún. "Ẹ kú oríire, ma, ọmọ yín ti wà lọ́nà." Màámi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹsẹ̀ wọn méjèèjì wà nínú abọ́ omi lọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n ń rẹ èékánná de Ìyá Ẹlẹ́kọ. Wọ́n ní kí n bi í bóyá ó ti ṣe àtúnṣe fọ́ọ̀mù tí àwọn máàkì.