Ẹ jẹ́ kí AI bá yín ṣírò ènì oníbàárà

Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin ará mi. Ẹnikẹ́ni ò bi mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ mí lọ́kàn, pàápàá fún àwa tí à ń ta oúnjẹ ní Tanke àti Ọjà Ọba ní Ìlọ́rin.

Tí ẹ bá fẹ́ máa fún oníbàárà tó ń padà wá ní ènì, ẹ má kàn sọ fún ChatGPT tàbí Meta AI orí WhatsApp pé kó ṣètò kan fún yín. Ètò ilé ìtajà ńláńlá ló máa kó wá. Iye owó yín gan-an ni kí ẹ kọ sí i: "Ìlọ́rin ni mo wà, máásà ni mò ń tà, abọ́ kan ₦500, ó ń ná mi ní ₦350. Tí mo bá fi abọ́ kan ṣe ènì lẹ́yìn márùn-ún tàbí mẹ́wàá, èló ló kù fún mi?"

Lẹ́yìn márùn-ún, èrè ₦750 á di ₦400. Lẹ́yìn mẹ́wàá, ₦1,500 á di ₦1,150. Ẹ ò rí i pé ìyàtọ̀ pọ̀! Ẹ fúnra yín tún un ṣírò o, AI máa ń ṣì í nígbà mìíràn.

Tó bá jẹ́ káàdì tí ẹ ń tẹ àmì sí nígbàkígbà tí oníbàárà bá rajà, títí tó fi máa kún kí ó tó gba ènì, ni ẹ fẹ́ lò, ẹ ti tẹ àmì méjì sí i kí ẹ tó fún oníbàárà. Àwọn olùwádìí méjì, Nunes àti Drèze, dán an wò níbi ìfọmọ́tò kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2006: káàdì alámì 8 tó ṣófo, ìdá 19 nínú 100 ló parí rẹ̀, alámì 10 tí wọ́n ti tẹ méjì sí (mẹ́jọ náà ló kù), ìdá 34.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó nọ́ńbà fóònù oníbàárà sínú AI. Inú ìwé yín ni kó wà.