Bí a ṣe ń ṣètò ìjàkadì róbọ́ọ̀tì nínú kíláàsì

Nínú ìjàkadì tiwa, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kanlẹ̀ ni wọ́n dá. Ní sumo, ìjàkadì àwọn ará Japan, bí wọ́n bá ti tì ọ́ jáde nínú agbo, ó ti tán. Òfin yìí bá róbọ́ọ̀tì mu: kò lè gbé ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣánlẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè tì í. Japan náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi róbọ́ọ̀tì jà báyìí, ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1980.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe agbo. Èyí tó kéré fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 77, dúdú ni, àfi etí rẹ̀ tí a kùn ní funfun, tó fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 2.5. Ẹ kan ìṣó sí àárín pláíwúùdù, ẹ so okùn àti pẹ́ńsù mọ́ ọn ní sẹ̀ntímítà 38.5, kí ẹ fà á yípo. Ẹ dín okùn kù sí 36, ẹ tún fà á: ìlà kejì ni funfun ti bẹ̀rẹ̀. Pláíwúùdù ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8 kan á fún yín ní agbo mẹ́ta. Kí ọ̀dà dúdú náà má ṣe dán o, torí ohun tó ń dán máa ń tan sẹ́ńsọ̀, ohun tí róbọ́ọ̀tì fi ń mọ ohun tó yí i ká, jẹ.

Róbọ́ọ̀tì inú agbo yìí kò gbọdọ̀ fẹ̀ tàbí gùn ju sẹ̀ntímítà 10 lọ, kò sì gbọdọ̀ wúwo ju gíráàmù 500. Bí ohun èlò yín bá tóbi jù bẹ́ẹ̀, ẹ fẹ agbo, kí ìwọ̀n kan náà sì de gbogbo ẹgbẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tó fún ẹgbẹ́ kan.

Kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí a kọ fún róbọ́ọ̀tì, ló kù. Gbogbo ọmọ ló ń fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìkọlù. Ẹ má gbà fún wọn. Róbọ́ọ̀tì tí kò mọ etí agbo á fúnra rẹ̀ jáde kí ọ̀tá tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ tó dojú kọlẹ̀ ń tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kò rí: funfun ń dá a padà, dúdú ń gbé e mì. Ẹ ka iye tó gbé wá lórí dúdú, ẹ ka ti funfun, kí ẹ mú àárín wọn ṣe ààlà. Inú yàrá tí ìjà ti máa wáyé gan-an ni kí ẹ ti kà á, kí ẹ sì ta kọ́tìnì, torí irú ìmọ́lẹ̀ yẹn wà nínú oòrùn pẹ̀lú.

Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n wá ọ̀tá. Sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ń pè ní HC-SR04 máa ń rán ohùn tí etí wa kò gbọ́ jáde, á sì dúró de gbohùngbohùn rẹ̀. Ẹ fi 58 pín iye microsecond (ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan) tó gbà, ẹ ó rí sẹ̀ntímítà. Bí nǹkan bá wà níwájú láàárín sẹ̀ntímítà 40, kí róbọ́ọ̀tì sáré tọ̀ ọ́ tagbára-tagbára. Bí kò bá sí, kí ó máa yí lójú kan. Ṣùgbọ́n etí funfun ni kí ó máa kọ́kọ́ wò nígbà gbogbo.

Lọ́jọ́ ìjà, bí ọmọ bá ti tẹ bọ́tìnnì, kí róbọ́ọ̀tì dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 5 kó tó gbéra, kí ọwọ́ lè kúrò. Ìjà kan kì í ju ìṣẹ́jú 3 lọ, ẹni tó bá kọ́kọ́ gba àmì méjì ló borí. Ẹ fi akẹ́kọ̀ọ́ ṣe rẹfirí.

Ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú 5 láàárín ìjà kan sí òmíràn. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù, torí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Kí ẹgbẹ́ tó pàdánù kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé, kí wọ́n sì yí ohun kan ṣoṣo padà. Bí wọ́n bá yí mẹ́ta padà, wọn ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Eré sísá kọ́ ló sábà máa ń pa wọ́n, ẹsẹ̀ tó ń yọ̀ ni: ẹ fi aṣọ tútù nu eruku kúrò lára táyà, kí ẹ sì gbé bátìrì sórí rẹ̀ gan-an, kí ìwúwo lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ẹ má ṣe lé ẹgbẹ́ kankan lọ lẹ́yìn ìjà kan. Bí ẹgbẹ́ bá jẹ́ 10, tí gbogbo wọn bá ara wọn jà, ìjà 45 ni, ó ti pọ̀ jù. Ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ méjì, márùn-ún márùn-ún: ìjà 20 péré ni, ẹgbẹ́ tó bá sì pàdánù àkọ́kọ́ ṣì ní mẹ́ta tó lè fi dán àtúnṣe rẹ̀ wò.