Olobó Kì Í Ṣe Ìwé Òfin: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Kí Eré FIRST Tuntun Tó Jáde

Bí ọdún bá ti ń lọ sópin báyìí, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ róbọ́ọ̀tì kì í fojú kan oorun. FIRST, àjọ tó ń ṣètò ìdíje róbọ́ọ̀tì fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́, á ti ju fídíò kékeré kan síta láti fi ta wọ́n lólobó eré tó ń bọ̀, kálukú á sì máa dá fídíò ọ̀hún dúró ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Àwọ̀ wo ló wà lẹ́yìn yẹn? Kí ló dé tí ìlà yìí fi tẹ̀? Mo fẹ́ràn àsìkò yìí gan-an. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń bá àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan kọ́ róbọ́ọ̀tì, n kò sì rí ìgbà mìíràn tí ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ máa ń lanu tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń ti ibi ìméfò bọ́ sínú àdánù kí eré tó jáde rárá.

Èyí tó burú jù ni kí a mú aṣọ tí eré wọ̀ bí ẹni pé òun ni iṣẹ́ tí róbọ́ọ̀tì máa ṣe. Lọ́dọọdún ni FIRST máa ń yan kókó kan fún gbogbo ìdíje rẹ̀, láti orí ti àwọn ọmọdé tó ń lo LEGO títí dé FIRST Robotics Competition (FRC) tí àwọn ọmọ girama ń ṣe. Kókó yìí ni olobó máa ń fi hàn. Iṣẹ́ tó wà nídìí rẹ̀ kì í sábà yọjú. Ẹ wo ọdún 2024, tí orúkọ eré jẹ́ Crescendo. Orin àti orí ìtàgé ni kókó rẹ̀, ó sì rọrùn kí èèyàn máa ro ìlù, dùùrù, tàbí agogo tí róbọ́ọ̀tì yóò lù. Nígbà tí eré jáde, òrùka fóòmù aláwọ̀ ọsàn ni róbọ́ọ̀tì ń ṣà nílẹ̀ tó sì ń jù sókè sínú ihò kan. Inú orúkọ bíi Note, tí wọ́n fún òrùka náà, ni orin wà. Ti ọdún 2023, Charged Up, ń sọ̀rọ̀ agbára iná, ṣùgbọ́n kóònù aláwọ̀ ìyeyè àti àpótí elése àlùkò tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ni wọ́n ń gbé. Charge Station tí orúkọ rẹ̀ dún bí ibi tí a ti ń gba iná sí bátìrì jẹ́ pèpéle tó ń yẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí róbọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ gùn kó sì mú un dọ́gba.

Ọ̀rọ̀ eré omi, ìyẹn eré tí róbọ́ọ̀tì á ti máa ṣiṣẹ́ nínú omi, ńkọ́? Kò sí ọdún tí ẹnì kan kì í sọ ọ́, wọn á ní lọ́tẹ̀ yìí omi ló kù. Ọdún 2025 ló yẹ kó parí rẹ̀. Òkun gan-an ni kókó ọdún náà, Reefscape ni wọ́n sì pe eré. Orí kápẹ́ẹ̀tì gbígbẹ ni wọ́n ti ṣe é. Páìpù PVC ni wọ́n pè ní iyùn, bọ́ọ̀lù rọ́bà ni wọ́n pè ní ewéko òkun. Ẹ rò ó wò: bátìrì 12 fóòltì, wáyà, àti kọ̀ǹpútà ni wọ́n kó sórí róbọ́ọ̀tì. Pápá eré náà, tó fẹ̀ tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 57 sí 26, ni wọ́n máa ń tú palẹ̀, tí wọ́n á kó sínú ọkọ̀ láti ìdíje kan dé òmíràn. Ìméfò yòówù tí ẹ bá ní, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ṣé ó ṣeé tú, ṣé ó ṣeé kó, ṣé ẹgbẹ́ tí kò lówó lè fi pákó kọ́ irú rẹ̀ láti fi dánra wò. Ọ̀pọ̀ ni ìbéèrè yìí máa gbá dànù.

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gé irin nítorí olobó. Òfin FRC kò gba ohun tí ẹgbẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ṣáájú ọjọ́ tí eré jáde, àyàfi ìwọ̀nba tí wọ́n dá sọ́tọ̀. Àwòrán iṣẹ́ àti kóòdù àtijọ́ ṣeé lò bí ẹ bá ti gbé e síta fún gbogbo èèyàn ṣáájú ọjọ́ náà. Ká tiẹ̀ ní òfin gbà á, èrè wo ló wà níbẹ̀? Ní 2009, nínú eré Lunacy, ilẹ̀ tó ń yọ̀ ni wọ́n tẹ́ sí pápá, táyà tí wọ́n fún gbogbo ẹgbẹ́ nìkan ni wọ́n gbà láyè, róbọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan sì ń fa kẹ̀kẹ́ kékeré kan lẹ́yìn. Ẹni tó ti ra táyà tó ń di ilẹ̀ mú dáadáa, orí pẹpẹ ló máa gbé e sí. Ní 2015, nínú Recycle Rush, apá tiwọn ni ẹgbẹ́ kálukú wà, kò sí pé à ń ti alátakò rárá. Gbogbo ètò ìdènà tí èèyàn ti ṣe sílẹ̀ di òfo.

Àṣìṣe kan wà tí kì í hàn lójú, òun ló sì ká mi lára jù: kí a gbé ìméfò wa wọ inú yàrá lọ́jọ́ tí eré jáde, kí a wá máa fi ojú rẹ̀ ka ìwé òfin. Ní ọdún kan, ó ti dá àwọn ọmọ wa lójú pé jíjù ni eré máa jẹ́. Jíjù wà níbẹ̀ lóòótọ́. A bá sáré ka ojú ewé tó sọ nípa jíjù, a sì fò kọjá lórí ibi tí wọ́n ti sọ bí róbọ́ọ̀tì ṣe lè yọ síta kúrò lára férémù rẹ̀ tó. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́yìn yọ ìwé òfin síta tó sì fi ibẹ̀ hàn mí. Apá tí a ti kọ́ gùn jù. Ó ní òun ti rí i lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ṣùgbọ́n àwọn tó ń pariwo kò jẹ́ kí òun ráyè sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Bí àgbàlagbà tó ń tọ́ wọn bá ti gbè lẹ́yìn ìméfò kan, ẹnu àwọn yòókù ti di nìyẹn. Ẹ̀yin olùtọ́sọ́nà, ẹ fi tiyín sínú.

Ní ti àwòrán "eré tó jò síta", ẹ má gbà á gbọ́, ẹ má sì máa fún olùyọ̀ǹda-ara-ẹni tó lè mọ nǹkan kan lọ́rùn pé kó sọ ọ́. Àṣírí náà kì í ṣe tirẹ̀.

Bí ọwọ́ bá ń yún yín, ohun tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà ni kí ẹ ṣe. Róbọ́ọ̀tì mẹ́ta yóò dojú kọ mẹ́ta. Ìgbà kan á wà tí róbọ́ọ̀tì yóò dá ṣiṣẹ́ láìsí ọwọ́ èèyàn. Láti 2023 ni àwọn àmì AprilTag ti wà ní pápá tí kámẹ́rà lè fi mọ ibi tó wà, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á. Ní ọ̀pọ̀ ọdún láti 2016, róbọ́ọ̀tì máa ń gun nǹkan ní ìparí eré. Ẹ jẹ́ kí awakọ̀ yín fi róbọ́ọ̀tì ọdún tó kọjá máa dánra wò.

Ní ti ìméfò, a ṣì ń ṣe é ní ẹgbẹ́ tiwa. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á kọ tirẹ̀ sínú bébà, tàwọn tí kì í sọ̀rọ̀ náà á wọlé, a ó sì kó gbogbo rẹ̀ sínú àpòòwé kan, a ó lẹ̀ ẹ́ pa. A kì í ṣí i títí a ó fi ka ìwé òfin dé ojú ewé ìgbẹ̀yìn. Ọmọbìnrin tó máa ń jókòó lẹ́yìn yẹn ló ń kà á sókè báyìí.