Bí a ṣe ń ra mass spectrometer fún ìwádìí kẹ́mísìrì ní yunifásítì

Mass spectrometer ni ẹ̀rọ tó ń fi bí mólékù ṣe wúwo tó dá a mọ̀. Kí ẹ tó bèèrè iye owó, ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ẹ̀rọ náà yẹ̀ wò sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ohun tó lè di oru láìjẹ́ pé ooru bà á jẹ́, bí òróró olóòórùn inú ewé, GC-MS (tó ń fi gáàsì ya ohun tó pò pọ̀ sọ́tọ̀ kó tó wọ̀n wọ́n) tó ní quadrupole kan (ọ̀pá mẹ́rin tó ń fi ìwúwo ṣẹ́ wọn) ti tó. Peptide àti oògùn tí ooru máa ń bàjẹ́, LC-MS, tó ń lo olómi dípò gáàsì, ló tọ́ sí wọn. Àmọ́ bí ẹ bá ń ṣẹ̀dá mólékù tuntun, tí ẹ sì gbọ́dọ̀ fi fọ́múlà rẹ̀ hàn, quadrupole ò lè gbà yín: TOF tàbí Orbitrap, tó ń wọn ìwúwo pẹ́kípẹ́kí, ni kí ẹ wá, tí àṣìṣe rẹ̀ kì í sábà ju 5 ppm (ìdá márùn-ún nínú mílíọ̀nù kan) lọ bí wọ́n bá ṣètò rẹ̀ dáadáa.

Bí ẹni tó ń tà á bá gbà láti dán àpẹẹrẹ yín wò, èyí tó dọ̀tí jù lọ ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Èyí tó mọ́ tónítóní, kò sí ẹ̀rọ tí kì í kà á.

Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi yàrá sí ìṣirò owó. LC-MS máa ń jẹ náítrójìn tọ̀sán-tòru. Sílíńdà á tètè tán, nítorí náà ẹ ra ẹ̀rọ tó ń pèsè náítrójìn. GC-MS fẹ́ hílíọ́mù tó mọ́ dé 99.999%. Bí pọ́ọ̀ǹpù àkọ́kọ́ tó ń fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú ẹ̀rọ bá jẹ́ ti olóyìlì, èéfín rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba inú páìpù jáde síta. Turbo pump, èyí tó ń yí kíákíá láti fa afẹ́fẹ́ tó kù, ńkọ́? Bí iná bá lọ lójijì, á rọra dúró, afẹ́fẹ́ á wọlé, ẹ ó sì dúró fún ọ̀pọ̀ wákàtí, nígbà mìíràn di ọjọ́ kejì, kí òfìfo inú rẹ̀ tó padà bọ̀ sípò. UPS tó ń gbé kọ̀ǹpútà nìkan kò wúlò fún èyí. Ẹ ra èyí tó lè gbé ẹ̀rọ àti pọ́ọ̀ǹpù rẹ̀ pọ̀.

Ẹ̀rọ àlòkù kò burú, bí wọ́n bá tàn án lójú yín. Lórí GC-MS, PFTBA, ohun tí wọ́n fi ń dán ẹ̀rọ wò, gbọ́dọ̀ gbé góńgó jáde ní ìwúwo 69, 219 àti 502. Ẹ wo 28 àti 32 (náítrójìn àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́) pẹ̀lú: bí méjèèjì bá ga, tí 28 sì tó bí ìlọ́po mẹ́rin 32, afẹ́fẹ́ ń jò wọlé. Ìyẹn lè má ju nọ́ọ̀tì tó dẹ̀ lọ. Àmọ́ bí 502 bá fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn, ion source, ibi tí mólékù ti ń di ion (èyí tó ní iná lára), ti lè dọ̀tí, tàbí kí electron multiplier, tó ń ka àwọn ion náà, ti gbó. Fífọ̀ ni ti àkọ́kọ́, owó gidi ni ti èkejì. Ẹ gba láìsẹ́ǹsì ṣọ́ftíwià àti kọ̀ǹpútà tó bá a wá, kí ẹ sì bèèrè bóyá ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ṣì ń ta ẹ̀yà ara rẹ̀.

Àdéhùn ìtọ́jú ọdọọdún lè tó nǹkan bí 10% iye ẹ̀rọ tuntun, owó ìrànwọ́ ìwádìí kì í sì í sábà kan èyí. Ẹ jẹ́ kí yunifásítì buwọ́ lù ú kí ẹ tó ra ohunkóhun. Nínú ìwé àdéhùn, ẹ kọ ọ́ pé ẹ kò ní san ìdá tó kẹ́yìn títí ẹ̀rọ náà á fi ka ìwọ̀n tó kéré jù tí wọ́n ṣèlérí, nínú yàrá tiyín.